Ọ̀nà Títẹ́jú Kan Ṣoṣo ní Cwm Hesgin

Ọ̀rọ̀ tó jáde lẹ́nu Ceinwen Prosser láàárọ̀ ọjọ́ tó kọ́kọ́ rí àgádágodo lára géètì yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ tó yẹ kó jáde lẹ́nu obìnrin tó ti ń tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì láti ogójì ọdún. Àgùntàn méjì tó ń jẹko létí ọ̀nà gbórí sókè, wọ́n wò ó. Idwal ọkọ rẹ̀, tó dúró lẹ́yìn rẹ̀ tó ń wá èémí, fẹ́ rẹ́rìn-ín, ikọ́ ló gba ẹ̀rín náà mọ́ ọn lẹ́nu.

"Ceinwen, àwọn ẹran ń gbọ́ o."

"Kí wọ́n gbọ́! Kí wọ́n lọ rò ó fún ẹni tó fi irin dí ọ̀nà!"

Àgádágodo náà tuntun, ó ń dán, ó sì tóbi tó ìkúùkù. Ṣéènì tí wọ́n fi so géètì mọ́ òpó nípọn débi pé akọ màlúù ò lè já a. Pákó funfun kan wà lókè rẹ̀, tí wọ́n kọ ọ́ sí pé ilẹ̀ aládàáni ni, kí ẹnikẹ́ni má ṣe kọjá.

Ẹni tí kò bá gbé àfonífojì Cwm Hesgin rí lè máa sọ pé ọ̀nà kan ṣáà ni, ṣebí ọ̀nà pọ̀. Ọ̀nà pọ̀ lóòótọ́. Òkè ni gbogbo wọn. Àwọn ilé tí iléeṣẹ́ èédú kọ́ fún àwọn awakùsà fara mọ́ra lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkè, débi pé ẹsẹ̀ ilẹ̀kùn ẹnì kan ga ju òrùlé aládùúgbò rẹ̀ lọ. Tí o bá fẹ́ ra mílíìkì, wàá gun òkè. Tí o bá fẹ́ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, wàá gun òkè. Itẹ́ òkú ló wá ga jù nínú gbogbo rẹ̀. Ọ̀nà kan ṣoṣo ló tẹ́jú ní gbogbo àfonífojì náà, èyí tí ẹṣin fi ń fa ọkọ̀ èédú láyé àtijọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ nídìí afárá, ó gba etí odò kọjá lọ títí dé ibi tí kòtò èédú wà tẹ́lẹ̀. Wọ́n ti dí kòtò náà pa tipẹ́. Adágún omi ló wà níbẹ̀ báyìí, pẹ́pẹ́yẹ ń wẹ̀ nínú rẹ̀, koríko sì ti bo òkìtì dúdú tó wà lẹ́yìn rẹ̀ débi pé àlejò á rò pé Ọlọ́run ló dá a síbẹ̀. Létí adágún náà ni òkúta kan wà tí wọ́n gbẹ́ orúkọ ọkùnrin mọ́kànlélógójì sí, àwọn tí iná abẹ́ ilẹ̀ pa ní àárọ̀ ọjọ́ kan. Bàbá-bàbá Ceinwen ni ẹnì kẹta láti òkè.

Ceinwen ló ń darí Ìrìn Ọjọ́rú, níbi tí àwọn tó ti fẹ̀yìn tì ti ń kóra jọ láti nasẹ̀. Òun ló kọ ìwé pélébé tó wà nílé ìkàwé, tó ní ìrìn mẹ́ta nínú: èyí tó rọrùn, èyí tó le díẹ̀, àti èyí tó jẹ́ pé kí o ti pín ogún rẹ kí o tó gbéra. Èyí tó rọrùn nìkan ni Idwal lè rìn. Iṣẹ́ abẹ́ ilẹ̀ ti kó eruku sí i lẹ́dọ̀fóró, eruku náà kò sì jáde mọ́. Dókítà ti sọ ọ́ fún un láìfi bò: "Máa rìn lójoojúmọ́, níbi tó tẹ́jú. Ọjọ́ tí o bá jókòó, Idwal, o ò ní dìde mọ́." Láràárọ̀ ni wọ́n fi ń jáde, òjò ni o, ìrì dídì ni o, tí wọ́n á rìn dé ibi òkúta kí wọ́n tó yí padà. Nítorí náà, kì í ṣe ọ̀nà nìkan ni ẹni náà tì pa. Ẹ̀mí ọkọ Ceinwen ló fi ṣéènì so.

Ẹni náà ló ń bọ̀ láti inú ilé ńlá kan tó wà lẹ́yìn géètì, ó wọ bàtà rọ́bà tí ẹrẹ̀ ò kàn rí. Tarrant ni orúkọ rẹ̀. Ó ti ra Plas Hesgin, ilé ńlá tí ọ̀gá àgbà iléeṣẹ́ èédú ń gbé láyé àwọn bàbá wọn, ó sì ti sọ ọ́ di ilé ìsinmi fún àwọn olówó. Ọ̀nà títẹ́jú náà gba abẹ́ fèrèsé ilé yìí kọjá.

"Ẹ káàárọ̀ o," ni Tarrant wí, pẹ̀lú ẹ̀rín. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Ẹ ò ní lè gba ibí mọ́."

"Láti ìgbà wo?"

"Láti ìgbà tí mo ti ra ilẹ̀ náà, mà."

"Ilẹ̀ lo rà. Ta ló ta ọ̀nà fún ọ?"

"Ọ̀nà ń bẹ nínú ilẹ̀, mà. Ó wà nínú ìwé." Ó wo Idwal, ó tún wo Ceinwen, ó wá rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ ṣeni lóore. "Kí n má purọ́ fún yín. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ni àwọn àlejò mi ń wá láti Lọ́ńdọ̀nù. Wọ́n ti ráhùn lẹ́ẹ̀mejì nípa... ikọ́. Agogo mẹ́jọ àárọ̀, lábẹ́ fèrèsé yàrá wọn."

Idwal ló sọ̀rọ̀. Ó ṣí fìlà rẹ̀.

"Ẹ má bínú, ọ̀gbẹ́ni," ló wí. "Mi ò mọ̀ pé ó ń dé ọ̀dọ̀ wọn."

Idwal Jẹ́jẹ́ ni gbogbo Cwm Hesgin ń pè é, ọkùnrin tí kò bá ẹnikẹ́ni jà rí, kódà lọ́dún tí gbogbo awakùsà daṣẹ́ sílẹ̀ tí ọ̀rẹ́ ń sọ òkò lu ilé ọ̀rẹ́. Ceinwen fà á lápá, wọ́n yí padà. Bí wọ́n ṣe délé báyìí, ariwo ló pa.

"O bẹ̀ ẹ́! Ikọ́ tí ilé yẹn kó ràn ẹ́, o tún tọrọ àforíjì lórí ẹ̀!"

"Àlejò fẹ́ sùn ni, Ceinwen."

"Kí wọ́n lọ sùn sí Lọ́ńdọ̀nù!"

Haydn Lẹ́tà ló mú ìrètí wá. Ó fi ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n pín lẹ́tà kiri àfonífojì náà, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti bàjẹ́ ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ mú síbẹ̀. Ó jókòó sí kíṣìnì wọn, ó mu tíì ife mẹ́ta, ó sì fi ìka lu tábìlì.

"Òfin wà," ló wí. "Bí ará ìlú bá ti rin ọ̀nà fún ogún ọdún gbáko, tí wọn ò yọ́ ọ rìn, tí wọn ò jálẹ̀kùn, tí wọn ò sì tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ọ̀nà ti di tiwọn. Ọba gan-an ò lè tì í."

"Ogún ọdún? A ti ń rìn ín láti igba ọdún!"

"Ìyẹn ni mo ń sọ. Ó ti wọ gàù."

Ceinwen gba fọ́ọ̀mù lọ́dọ̀ káńsù, ó ń gbé e kiri láti ilé dé ilé. Ó gun òkè, ó sọ̀ kalẹ̀, ó jókòó ti àwọn arúgbó tí ojú wọn ti ṣú, ó ń ka ìbéèrè fún wọn. Ìgbà wo lẹ bẹ̀rẹ̀ sí í rìn ín? Ẹ̀ẹ̀melòó lọ́sẹ̀? Ǹjẹ́ ẹnikẹ́ni dá yín dúró rí? Ǹjẹ́ ẹ tọrọ àyè rí? Rárá, rárá, rárá. Fọ́ọ̀mù mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ló kó jọ, kò sì sí èyí tí ìdáhùn rẹ̀ yàtọ̀. Lórí tirẹ̀, lẹ́tà gàdàgbà ló fi kọ RÁRÁ náà, ó sì fa ìlà sí i nídìí.

Ìjọba ò mọ̀ pé ènìyàn ń mí. Ọdún kan àti oṣù márùn-ún ni wọ́n fi dúró kí ọjọ́ ìgbẹ́jọ́ tó pé. Láàárín àkókò yẹn, Idwal ń rìn nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé, láti ẹnu ilẹ̀kùn dé ìdí àtẹ̀gùn, lọ, bọ̀. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ó ń ṣe é ní ọgbọ̀n ìgbà. Nígbà tí òtútù dé, ó di mẹ́wàá. Lẹ́yìn Kérésìmesì, ilé ìwòsàn fún un ní àgolo atẹ́gùn tó ń gbé kọ́ èjìká, pẹ̀lú rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tó wọ inú imú rẹ̀. Gbogbo ìgbà tí Ceinwen bá gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, inú rẹ̀ á tún ru.

Gbọ̀ngàn àwọn awakùsà ni wọ́n ti gbọ́ ẹjọ́ náà, kò sì sí àga tó ṣófo. Obìnrin kan tó wọ awò ojú ni ìjọba rán wá gbọ́ ọ, kì í pariwo, ó máa ń kọ gbogbo ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Àwọn arúgbó dìde lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n fọwọ́ lé Bíbélì, wọ́n sọ bí wọ́n ṣe ń rin ọ̀nà náà láti kékeré. Títí di ọ̀sán, Ceinwen rí i lójú Tarrant pé ara rẹ̀ ò balẹ̀. Ó gbádùn rẹ̀ gan-an, Ọlọ́run foríjì í.

Nígbà tó kan òun fúnra rẹ̀, lọ́yà Tarrant dìde. Ọmọbìnrin ni, ohùn rẹ̀ tutù. Ó mú ìwé kan tí wọ́n fi awọ pupa bò lọ́wọ́.

"Ìyáàfin Prosser, ẹ mọ Miss Vaughan-Rees?"

"Ta ni ò mọ̀ ọ́n? Òun ló ń gbé Plas títí tó fi kú."

"Ó máa ń kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lójoojúmọ́ sínú ìwé. Ọ̀gbẹ́ni Tarrant bá àwọn ìwé náà nínú ilé. Ẹ jẹ́ kí n ka díẹ̀ fún yín." Ó yí ojú ewé. "'Ọjọ́ Ìsinmi àkọ́kọ́ nínú oṣù Karùn-ún. Ìyáàfin Prosser mú kéèkì bara brith wá bí ìṣe rẹ̀, ó sì tọrọ àyè kí àwọn ènìyàn rẹ̀ lè kọjá lọ síbi òkúta. Mo fún un láyè. Kéèkì ọdún yìí gbẹ díẹ̀.'"

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn. Gbẹ kẹ̀? Tíì ni Ceinwen fi ń rẹ èso inú kéèkì náà mọ́jú, kò gbẹ rí láyé rẹ̀! Ìyẹn ló kọ́kọ́ bí i nínú. Lẹ́yìn náà ló tó yé e: àyè títọrọ ni ìwé náà ń sọ.

Lọ́yà ń kà á lọ. Ọdún dé ọdún, Ìsinmi àkọ́kọ́ nínú oṣù Karùn-ún, ọjọ́ ìrántí àwọn tí iná pa: kéèkì dé, wọ́n tọrọ àyè, mo fún wọn láyè. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n.

Kò sí ẹni tó rántí kéèkì. Gbogbo àwọn mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n tó kọ "rárá" ló ti dúró lẹ́yìn Ceinwen lẹ́nu ọ̀nà Plas rí, tí wọ́n dé fìlà ọjọ́ ìsinmi, tí wọ́n ń dúró kí ilẹ̀kùn ṣí. Kò sí èyí tó purọ́ nínú wọn. Lójú wọn, ìyẹn kì í ṣe àyè títọrọ. Ẹ̀kọ́ ilé ni. O ò kàn lè kó ọgọ́rùn-ún ènìyàn kọjá níwájú fèrèsé obìnrin arúgbó láìkí i.

Wọ́n ní kí àwọn ènìyàn lọ sinmi fún ìdajì wákàtí. Haydn Lẹ́tà wọ́ Ceinwen lọ sẹ́yìn gbọ̀ngàn, níbi tí wọ́n ń da ìdọ̀tí sí.

"Sọ pé o kàn lọ kí i ni," ló ń sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "O mú kéèkì lọ, o kí i, ó parí. Kò sí àyè kankan tí o tọrọ."

"Ìwé ẹ̀ ńkọ́?"

"Arúgbó lásán! Sọ pé ọpọlọ ẹ̀ ti ń jó rẹ̀yìn. Ó ti kú, ta ló máa já ẹ nírọ́?"

Idwal jókòó sórí àga kan lẹ́bàá ilẹ̀kùn, àgolo rẹ̀ wà láàárín ẹsẹ̀ rẹ̀. Ceinwen dojú kọ ọ́.

"Sọ nǹkan, Idwal."

"Kí ni kí n sọ? O ti fọwọ́ lé Bíbélì."

"Ọ̀nà ẹ là ń sọ yìí! Èémí ẹ ni!"

"Mo mọ ẹni tó ni èémí náà, Ceinwen."

Ó padà sórí àga ẹlẹ́rìí. Ojú gbogbo Cwm Hesgin wà lára rẹ̀. Lọ́yà bi í bóyá òótọ́ ni ohun tó wà nínú ìwé.

"Òótọ́ ni," ni Ceinwen wí, ohùn rẹ̀ sì ga débi pé obìnrin tó ń kọ̀wé gbójú sókè. "Òótọ́ ni, ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe jẹ́ òótọ́ fún yín. Ìyá mi ló kọ́ mi. Ìyá tiẹ̀ ló kọ́ òun. Láyé tiwọn, iléeṣẹ́ èédú ló ni ilé, òun ló ni ọ̀nà, òun ló ni ṣọ́ọ̀bù. Ọ̀gá á dúró sí fèrèsé yẹn, á máa wo ẹni tó ń kọjá. Bí ìyàwó ẹ bá kọjá láìtọrọ àyè, tó o bá débi iṣẹ́ lọ́jọ́ Ajé, fìtílà ẹ ò ní sí lára ìkọ́ mọ́. Kò sí fìtílà, kò sí iṣẹ́, kò sí oúnjẹ. Ìyẹn ni wọ́n ṣe ń kanlẹ̀kùn. Ìbẹ̀rù ni! Àwọn ọ̀gá lọ, iléeṣẹ́ lọ, èédú gan-an lọ, àwa ṣì ń kanlẹ̀kùn, torí wọ́n ti na àwọn ìyá wa débi pé ó di ẹ̀kọ́ ilé. Ẹ wá fẹ́ fi ìyẹn gba ọ̀nà lọ́wọ́ wa?"

Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Haydn dìde dúró. Obìnrin tó ń gbọ́ ẹjọ́ náà dúró kí ariwo rọlẹ̀, ó wá bọ́ awò rẹ̀.

"Ìbéèrè kan péré, Ìyáàfin Prosser. Ká ní Miss Vaughan-Rees sọ lọ́jọ́ kan pé rárá, ẹ má kọjá, kí lẹ̀ bá ṣe?"

Ceinwen mọ ìdáhùn tó yẹ. Ọmọdé gan-an mọ̀ ọ́n. À bá kọjá ni. Gbólóhùn kékeré báyìí, ọ̀nà ti ṣí nìyẹn. Ó wo ọwọ́ rẹ̀, ó wo Idwal, ó sì rí ara rẹ̀ lẹ́nu ilẹ̀kùn yẹn, pẹ̀lú kéèkì tí wọ́n fi aṣọ funfun wé lọ́wọ́.

"À bá padà sílé," ló wí. "Bí wọ́n ṣe tọ́ wa nìyẹn."

Òtítọ́ dé ọjà, ó kù tà. Owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Ọ̀sẹ̀ méje lẹ́yìn náà ni lẹ́tà dé. Wọ́n ní ọ̀nà náà kì í ṣe ti ará ìlú, nítorí pé àyè ni wọ́n ń gbà kí wọ́n tó rìn ín. Obìnrin náà kọ ọ́ síbẹ̀ pé òun gba gbogbo ohun tí Ìyáàfin Prosser sọ gbọ́, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ceinwen ka ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Torí pé wọ́n gbà á gbọ́ ni wọ́n ṣe já a kulẹ̀.

Bí ó ṣe bínú lọ́sẹ̀ yẹn, ẹ má bi mí. Ó bínú sí Haydn tó mọ òfin ní àbọ̀. Ó bínú sí arúgbó tó ti kú nítorí kéèkì tó ní ó gbẹ. Àwòrán ìyá rẹ̀ wà lára ògiri kíṣìnì, ó dúró níwájú rẹ̀, ó na ìka sí i.

"Ẹ̀kọ́ ilé! Ẹ̀kọ́ ilé lẹ fi tà wá!"

Ó kọ ojú àwòrán náà sí ògiri. Idwal yí i padà nígbà tó ń kọjá. Ceinwen bínú sí i pàápàá. Ó ń wò ó kó bú òun, kó sọ pé ó yẹ kóun ti purọ́, kó ṣáà sọ nǹkan tí ọkùnrin ń sọ. Jẹ́jẹ́ ló ń mu tíì rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni Tarrant wá fi àánú hàn, ìyẹn ló wá burú jù. Ó yọ pákó tó sọ pé kí ẹnikẹ́ni má kọjá, ó kan òmíràn síbẹ̀. Èyí sọ pé ẹni tó bá fẹ́ lè kọjá pẹ̀lú ìyọ̀ǹda onílẹ̀, ní Ọjọ́rú nìkan, láti agogo mẹ́wàá sí méjìlá, kí wọ́n jọ̀ọ́ má pariwo. Ó kọ̀wé sí Ceinwen pé inú òun á dùn bí ìwé pélébé rẹ̀ bá lè sọ pé ìyọ̀ǹda Ọ̀gbẹ́ni Tarrant ni wọ́n fi ń rin ìrìn tó rọrùn.

Ẹgbẹ́ Ìrìn Ọjọ́rú ní kí wọ́n ya lẹ́tà náà. Ceinwen ni ò gbà. Ó gbé e lọ sínú yàrá, ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ó ń gbọ́ ẹsẹ̀ Idwal nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀. Lọ, bọ̀. Lọ. Ó dúró. Kò bọ̀ mọ́, ó ti fara ti ògiri. Bí ọwọ́ ẹni ò bá tíì tẹ èkù idà, a kì í bèèrè ikú tó pa baba ẹni. Ceinwen pinnu pé òun á gbé ìbínú òun mì. Wákàtí méjì lọ́sẹ̀ sàn ju ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ. Bó bá jẹ́ pé "ẹ jọ̀ọ́" àti "ẹ ṣeun" ni iye owó èémí ọkọ òun, òun á san án, kódà bó bá máa gún òun lọ́nà ọ̀fun.

Ní Ọjọ́rú, àwọn bí ọgbọ̀n ló péjọ nídìí afárá, ojú gbogbo wọn le. Ceinwen ti kìlọ̀ fún wọn pé ẹni tó bá ṣe wàhálà, òun fúnra òun á lé e padà sílé. Idwal wọ bàtà rẹ̀ tó dára, ó gbé àgolo rẹ̀ kọ́ èjìká. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti ọ̀nà náà pa, kò tíì dé ibẹ̀.

Géètì wà ní ṣíṣí. Tarrant fúnra rẹ̀ ló dì í mú, ìyàwó rẹ̀ sì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó na fóònù sókè láti ya àwòrán.

"Ẹ káàbọ̀, ẹ káàbọ̀!" ni Tarrant wí. "Ẹ ò rí i pé kò le? Ìyáàfin Prosser, gbogbo ohun tó kù ni pé kí ẹ béèrè. Bí ẹ ṣe máa ń ṣe láyé ọjọ́ un."

Ẹnì kan pòṣé lẹ́yìn. Ceinwen bojú wẹ̀yìn, ó fi ojú pa á lẹ́nu mọ́, ó wá yí padà sí Tarrant. Ọ̀nà náà wà níwájú rẹ̀, ó tẹ́jú pẹrẹsẹ lábẹ́ àwọn igi, omi ń dán lọ́ọ̀ọ́kán.

"Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀gbẹ́ni," ló bẹ̀rẹ̀. "Ǹjẹ́ a lè..."

Idwal dì í lọ́wọ́ mú.

"Má ṣe é," ló wí.

"Idwal, gbé ẹnu ẹ sọ́hùn-ún. Mo ti fẹ́ sọ ọ́ tán."

"Mo ní má ṣe é." Ó wo Tarrant. Ó ní láti mí kó tó lè sọ gbólóhùn kọ̀ọ̀kan, gbogbo wọn sì dúró dè é. "Ọ̀gbẹ́ni. Mo ṣiṣẹ́ fún ọdún mẹ́tàlélógún... lábẹ́ ibí yìí. Mo ti fẹ̀gbẹ́ rá kọjá... lábẹ́ ilé tí ẹ̀ ń sùn sí yẹn. Ká ní òrùlé kòtò wa jìn ni... ilé yín náà ì bá jìn. Àwa la fi igi tì í ró." Ó sinmi. Rọ́bà imú rẹ̀ ń mì. "Kò sí ẹni tó ní kí n tọrọ àyè... kí n tó wọ ibẹ̀. Mi ò ní tọrọ àyè láti rìn lórí ẹ̀."

Ó dé fìlà rẹ̀ dáadáa, ó sì yí ẹ̀yìn sí géètì. Ceinwen rò pé ilé ló ń lọ. Ṣùgbọ́n ó kọjá ìdí afárá, ó kọjú sí ọ̀nà kejì, èyí tó gba ẹ̀gbẹ́ òkìtì èédú gun òkè lọ, tó ní òkúta àti ẹrẹ̀, tí Ceinwen fúnra rẹ̀ ti kọ ọ́ sínú ìwé pélébé pé kì í ṣe ti ẹni tí àyà ń dùn.

"Idwal! Ṣé orí ẹ dàrú ni? Padà síbí!"

"Ti gbogbo ayé lèyí. Ó wà nínú máàpù ìjọba."

"Òkè ni, ìwọ ọkùnrin yìí!"

"Mo rí i."

Ó gbé ẹsẹ̀ mẹ́rin, ó dúró. Ó gbé mẹ́ta, ó dúró. Ceinwen sáré bá a, ó já àgolo náà gbà lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé e kọ́ èjìká ara rẹ̀, gbogbo orúkọ burúkú tó wà lẹ́nu rẹ̀ ló ń pè é. Idwal ò dá a lóhùn, ó ń fi èémí rẹ̀ pamọ́. Haydn Lẹ́tà tẹ̀ lé wọn pẹ̀lú ọ̀pá méjì. Àwọn yòókù tò tẹ̀ lé Haydn. Àwọn kan wà nínú wọn tó lè gun òkè yẹn kí tíì tó tutù, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó yà kọjá lára Idwal. Bó bá dúró, ọgbọ̀n ènìyàn á dúró. Bó bá gbé ẹsẹ̀ mẹ́ta, wọ́n á gbé mẹ́ta. Nísàlẹ̀, Tarrant ń pè wọ́n pé géètì ṣì ṣí o, pé ẹ̀fẹ̀ lòun ń ṣe, kí wọ́n má bínú.

Àga onípákó àkọ́kọ́ lójú ọ̀nà náà kò ju ibi tí ọmọdé lè sáré dé láìmí lọ. Wákàtí kan àti ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni wọ́n fi dé ibẹ̀. Ètè Idwal ti di aró, kò lè sọ̀rọ̀, Ceinwen sì mọ̀ pé kò tún ní gun ibì kankan mọ́ láyé rẹ̀, pé ọ̀dẹ̀dẹ̀ gan-an lè má ṣeé ṣe fún un lẹ́yìn èyí. Ó ń bínú sí i bó ṣe ń yí orí àgolo náà kí atẹ́gùn lè pọ̀ sí i. Ó jókòó tì í, ó fi èjìká gbé èjìká rẹ̀ ró. Ọ̀nà ìsàlẹ̀ nà lọ títí dé etí adágún, géètì rẹ̀ ṣí sílẹ̀ gbayawu, kò sì sí ẹyọ ẹnì kan tó gbà á lọ́jọ́ náà, tàbí ní Ọjọ́rú tó tẹ̀ lé e.